Àwọn Màlúù Inú Gbọ̀ngàn Hejrelund

                                                            Hejrelund,
                                                            nítòsí Rudkøbing,
                                                            Erékùṣù Langeland,
                                                            Denmark.

                                                            Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kìíní, ọdún 1979.

Esben, àbúrò mi àtàtà,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ṣé dáadáa ni o wà? Naja ìyàwó wa ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn, àbí ó ṣì ń rákò lórí ilẹ̀? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ òtútù fún ẹni tó ń gbé Greenland, ẹ̀rín lo máa fi mí rín. Àmọ́ lọ́dún yìí, àwa náà rí ohun tí ojú ń rí, o lè bi rédíò tó wà lọ́dọ̀ yín. Ara wa le. Bàbá wà lálàáfíà. Àǹtí Vibeke náà wà lálàáfíà, àfi orúnkún tó ń dùn wọ́n díẹ̀, wọn ò sì gbà kí dókítà wò ó.

Mo ní láti yára kọ lẹ́tà yìí, torí ìwé ìròyìn ti gbé e pé orí Àǹtí ti dàrú, pé wọ́n kó màlúù sínú gbọ̀ngàn ńlá lábẹ́ àwòrán àwọn baba ńlá wa. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á gé e ránṣẹ́ sí ọ. Òótọ́ ni pé wọ́n kó màlúù síbẹ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó dà wọ́n wọlé. Ṣùgbọ́n orí Àǹtí ò dàrú rárá, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn Kérésìmesì ni èmi àti Bàbá wá síbí. O mọ ohun tó gbé Bàbá wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lọ́yà, wọn ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju pé kí Àǹtí fi Hejrelund tí wọ́n jogún lé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n ní Àǹtí ò bímọ, ìwọ ti fìdí kalẹ̀ sí Greenland, èmi ò sì mọ̀ ju kí n máa kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní Odense. Ìgbìmọ̀ náà ti ṣèlérí láti wá wo gbọ̀ngàn ńlá lóṣù yìí, torí òun gan-an ló wù wọ́n: pákó igi óákù ilẹ̀ rẹ̀ tó ń dán bí ojú omi, awọ aláràbarà tí wọ́n fi bo ògiri, àti àwòrán gbogbo ìdílé wa, ìdílé Ravnhjelm, tó tò sínú férémù aláwọ̀ wúrà, láti orí Ọ̀gágun Otto tó kọ́ ilé yìí títí dé orí Bàbá Àgbà. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wọ ibẹ̀ lọ. Wọ́n á fi áńkáṣíìfù nu igun férémù, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo pákó, wọ́n á mí kanlẹ̀. Àǹtí á kàn máa wò wọ́n. Ohun tí Àǹtí sọ kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí ọdún kọ́kọ́ yí ná.

Ọ̀rọ̀ kan ti wà láàárín èmi náà àti Àǹtí. Lọ́jọ́ kan tí a jọ ń rẹ́ ẹ̀fọ́ nílé ìdáná, wọ́n bi mí pé ṣé mi ò lè wá máa gbé Hejrelund, kí n kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí n sì gbà á lọ́wọ́ wọn tó bá yá. Mo ní mi ò lè ṣe é. Mo ní màlúù ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ màlúù. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n kàn ní kí n fi iyọ̀ sí ẹ̀fọ́.

Ìjì yìnyín bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọdún ku díẹ̀ kó parí. Ìhà ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá. Yìnyín ò rọ̀ wálẹ̀ bó ṣe máa ń rọ̀, ńṣe ló ń fò lọ ní ìbú, bí ìyẹ̀fun tí ẹnìkan ń gbọ̀n láti inú àpò. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná ti lọ, tẹlifóònù ti kú, yìnyín ti bo fèrèsé ìsàlẹ̀. O ò lè mọ ibi tí ọgbà ti parí tí pápá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹja kọ́ọ̀dù tí a fẹ́ fi ṣọdún wà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja ní Rudkøbing, àwa sì jókòó ti ọ̀dùnkún.

Thorvald àti Ragna ìyàwó rẹ̀ ló ń tọ́jú màlúù báyìí, bí bàbá Thorvald àti bàbá rẹ̀ àgbà ti ṣe ṣáájú. O ò lè gbàgbé Thorvald. Òun la jọ máa ń gun igi nígbà tí a bá wá lo ìsinmi. Tí òjò bá dé, tí àwa sá wọlé, òun á sá padà lọ sílé wọn, torí kò sẹ́ni nínú ìdílé wọn tó máa ń gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọ ilé yìí. Kò sẹ́ni tó fi í ṣòfin. Bẹ́ẹ̀ ló ṣáà rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún la gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí igi ńlá bá wó lulẹ̀. Apá kan òrùlé ilé màlúù ló jìn. Yìnyín ti kó jọ lé e lórí, àwọn ìtì igi tó gbé e dúró sì ti gbó. Màlúù kan kú lójú ẹsẹ̀. Igbe àwọn tó kù, Esben, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọ. Ó dà bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń pe orúkọ ẹnìkan tí kò dáhùn.

Láìpẹ́, Thorvald kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Yìnyín mù ún dé ìbàdí, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òrùlé apá kejì ò ní dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ibi tí a ń kó katakata sí jìnnà jù, àárín pápá ló wà, màlúù kankan ò lè la yìnyín yẹn já débẹ̀. Ọ̀dùnkún ni Àǹtí ń bó. Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀.

“Ibo ló sún mọ́ wọn jù?” Àǹtí béèrè.

Thorvald wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. “Ilé yìí ni, Ìyáàfin.”

“Ó dáa. Ẹ máa kó wọn bọ̀.”

“Ilẹ̀kùn yìí ò lè gbà wọ́n, Ìyáàfin.”

“Ta ló ń sọ ti ilẹ̀kùn yìí? Ẹnu ọ̀nà iwájú ni kí ẹ gbà. Inú gbọ̀ngàn ńlá ni kí ẹ kó wọn sí.”

Bàbá ti wà lẹ́yìn wa, a ò mọ̀. Wọ́n yára gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ, nígbà tí èmi àti Àǹtí sì fi máa dé iwájú gbọ̀ngàn, Bàbá ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n na apá méjèèjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rò ó dáadáa,” Bàbá ní. “Ó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Àwọn ará Sweden jagun kọjá, wọn ò ba ibí yìí jẹ́. Àwọn Jámánì wá, wọ́n lọ, wọn ò bà á jẹ́. Ṣé àwa ọmọ onílé la wá fẹ́ fi ọwọ́ ara wa da ìgbẹ́ màlúù sí i?”

Àǹtí ò gbóhùn sókè. “Joachim, ta ló tẹ́ pákó yẹn?”

“Ìyá ńlá wa Abelone ni.”

“Kí ló fi tẹ́ ẹ?”

O mọ ìtàn yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí ọkọ Abelone ti fi tẹ́tẹ́ jẹ ẹṣin, jẹ igbó, jẹ ohun èlò fàdákà inú ilé tán, obìnrin náà jókòó ti màlúù. Ó ń po wàrà di bọ́tà, ó ń fi ránṣẹ́ sí Copenhagen, títí Hejrelund fi padà bọ̀ sípò.

“Bọ́tà ló fi tẹ́ ẹ,” Àǹtí ní. “Àwọn tó sanwó pákó yẹn ló wà níta nínú yìnyín. Yà fún wọn.”

Bàbá ò yà. Mo rò pé ibẹ̀ la máa dúró sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìgbà tó yá, a gbọ́ tí igi mìíràn tún sán níta, igbe àwọn màlúù sì tún sọ. Bàbá sọ apá wọn kalẹ̀. Wọ́n gba àtẹ̀gùn lọ sókè, a sì gbọ́ tí ilẹ̀kùn yàrá wọn pa dé.

Ni iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Àǹtí ká kápẹ́ẹ̀tì, a ti àga sínú yàrá ìwé, a tú kọ́tìnnì tí ọwọ́ wa tó. Ragna kó koríko gbígbẹ wọlé, ó tẹ́ ẹ títí dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń yáná. A da eérú sórí àtẹ̀gùn iwájú kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀. Dagny, àgbà inú àwọn màlúù, ni wọ́n kọ́kọ́ mú wá. Ó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kọ̀, kò lọ mọ́. Ragna bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi bò ó lójú, ó wá ń sọ̀rọ̀ sí i létí bí ẹni ń rọ ìyàwó tuntun, títí Dagny fi gbé ẹsẹ̀ kan, tó tún gbé èkejì, tó sì gòkè.

Thorvald ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. Ó ṣí fìlà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà. Nínú ìjì yẹn o.

“Thorvald,” Àǹtí ní, “Dagny ò bọ́ bàtà. Máa wọlé.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé. Bó ṣe di pé ọmọ ìdílé Thorvald gba iwájú wọ ilé wa nìyẹn, lẹ́yìn ìran mẹ́ta, tòun ti ìrù màlúù níwájú rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni nínú wa tó ronú kàn án rí.

Bí a ṣe kó wọn wọlé tán, bí ọgbọ̀n màlúù ló wà nínú gbọ̀ngàn. A so òmíràn mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì àsè, a so òmíràn mọ́ òpó. O rántí bí a ṣe máa ń gbọ̀n níbẹ̀ lọ́jọ́ Kérésìmesì, tí Bàbá Àgbà á ní kí a jókòó dáadáa, pé ọmọ Ravnhjelm kì í gbọ̀n? Esben, ibẹ̀ móoru. Èéfín ara wọn gòkè lọ bá fìtílà onígíláàsì tó so rọ̀ láti òkè, gbogbo dígí di funfun, omi sì ń sun lójú Ọ̀gágun Otto bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Màlúù kan ń fi ahọ́n lá ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀. Thorvald fẹ́ lé e, Àǹtí ní kó fi í sílẹ̀, pé ó ti pẹ́ tẹ́nìkan ti kí bàbá náà.

Nígbà tó yá, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Bàbá ló ń bọ̀. Wọ́n ti wọ bàtà oko tó jẹ́ ti Bàbá Àgbà, tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ ìsìnkú wọn. Wọ́n lọ bá Ragna, wọ́n ní kó fún àwọn níṣẹ́. Iná ò sí, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún wàrà ò lè ṣiṣẹ́, ọwọ́ la ní láti fi fún gbogbo wọn. Ragna fún wọn ní àpótí àti korobá, ó fi màlúù kan tó ń jẹ́ Gyda hàn wọ́n, ó fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn wọ́n. Bàbá jókòó, wọ́n di ọmú mú, wọ́n fà á. Gyda ta wọ́n nípàá, Bàbá ṣubú sórí koríko tàwọn ti korobá.

“Bàbá,” Ragna ní, “ọmú lẹ dì mú yẹn o. Kì í ṣe okùn agogo tí ẹ fi ń pe ọmọ ọ̀dọ̀.”

Gbogbo wa yíjú láti wo ohun tí Bàbá máa ṣe. Bàbá jókòó sínú koríko níbẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín wọn bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Màmá ti kú. Wọ́n dìde, wọ́n tún àpótí gbé, wọ́n padà sídìí Gyda. Nígbà tí ilẹ̀ máa ṣú, wọ́n ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìka mi wú débi pé mi ò lè di ṣíbí mú.

Wàrà wá pọ̀, kò sí ọkọ̀ tó lè wá kó o. Ni Thorvald bá de pákó ìrìn yìnyín rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ lọ sábúlé, ó ní kí ẹni tó bá nílò wàrà máa bọ̀. Lọ́jọ́ kìíní ọdún, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn kan lórí pákó ìrìn yìnyín, àwọn kan ń fi okùn fa ọmọ lórí pákó. Obìnrin kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọkọ rẹ̀ ló wá, yìnyín ti dì mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà tó ní láti kékeré lòun ti ń wo fèrèsé gbọ̀ngàn yìí láti ojú títì, tóun sì máa ń rò ó pé wúrà ni wọ́n fi ṣe inú rẹ̀. Ó dúró láàárín màlúù, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní inú rẹ̀ dára ju bí òun ṣe rò lọ. Àǹtí fún gbogbo wọn ní kọfí àti èyí tó kù nínú àkàrà òyìnbó tí a fi ṣe Kérésìmesì. Wọ́n ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà, tọwọ́tẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń kí àwọn ọlọ́lá tó bá wá síbí fún ọdẹ.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún Bàbá, jọ̀ọ́, ìwọ náà má sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni mo wọ yàrá tí a ń kó oúnjẹ pa mọ́ sí láti mú iyọ̀. Mo bá Àǹtí níbẹ̀, korobá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ọwọ́ kan lára ògiri, wọ́n ń sunkún. Mi ò rí ẹkún Àǹtí rí láyé mi. Mo fẹ́ padà, wọ́n ti rí mi.

“Orí pákó yẹn ni mo ti kọ́ ìrìn,” wọ́n ní. “Orí ẹ̀ ni bàbá mi ti kọ́ mi níjó, mo gun orí bàtà wọn. O ti rí bó ṣe dà báyìí. Ṣé o rò pé kò dùn mí ni?”

Mo ní kí ló dé tí wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá.

“Tí mo bá sọ ọ́ fún Joachim, á bá mi sunkún. Ta ló máa wá fún màlúù lómi?”

Wọ́n fi épírọ́ọ̀nù nujú, wọ́n gbé korobá, wọ́n jáde lọ. Mo dúró níbẹ̀, mo gbàgbé iyọ̀ tí mo wá mú. Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo ti rò pé Àǹtí Vibeke kì í fẹ́ràn nǹkan tó bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan lè fẹ́ràn nǹkan tó báyẹn, kó sì tún ṣílẹ̀kùn.

Ìjì náà rọlẹ̀, ọkọ̀ àwọn ológun la ọ̀nà wá, àwọn olóko tó yí wa ká sì pín àwọn màlúù gbà sọ́dọ̀ wọn títí a ó fi kan òrùlé tuntun. A kó koríko jáde. Mi ò ní tàn ọ́, ilẹ̀ gbọ̀ngàn bà jẹ́. Pátákò ti ha pákó náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìtọ̀ sọ ọ́ dúdú níbi púpọ̀, a fọ̀ ọ́ títí kò lọ. Àsìkò yẹn ni oníròyìn kan wá ya fọ́tò, tó lọ kọ ohun tó wù ú. Bí tẹlifóònù ṣe jí ni alága ìgbìmọ̀ pe Bàbá. Ó ní àwọn ti rí ìwé ìròyìn, ó ní ó dun àwọn, àmọ́ gbọ̀ngàn náà ò wúlò fún àwọn mọ́. Mo wà nítòsí, mo ń wo ojú Bàbá. Wọ́n ní, “Ẹ ṣé,” wọ́n fi fóònù lélẹ̀, wọ́n lọ béèrè búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Thorvald.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo sọ fún Àǹtí pé tí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá mi sọ bá ṣì wà níbẹ̀, mo ti gbà. Búrẹ́dì ni wọ́n ń fi bọ́tà sí. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà dáadáa, torí Dagny ti ráhùn nípa ọwọ́ mi kó tó lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé búrẹ́dì náà sí méjì, wọ́n fún mi nínú rẹ̀.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ rẹ, Esben. O mọ̀ pé ọkùnrin ló ti ń jogún ilé yìí bọ̀, àyàfi ìgbà tí ọkùnrin bá fi í sílẹ̀, bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀ fún Àǹtí nítorí iṣẹ́ lọ́yà. Àǹtí ní àwọn ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan láìgbọ́ ẹnu rẹ, Bàbá náà sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o gbà torí pé ẹ̀gbọ́n rẹ ni mí. Tí o bá ń rò ó lọ́kàn pé lọ́jọ́ kan ìwọ, Naja àti ọmọ á fẹ́ wá gbébẹ̀, sọ ọ́ fún mi, inú mi ò ní bà jẹ́, èmi á sì bá ọ tọ́jú rẹ̀ dìgbà náà. Àmọ́ tí kò bá sí nínú èrò rẹ, kọ̀wé sí Àǹtí fúnra rẹ, má kọ ọ́ sí mi. Ẹnu rẹ ni wọ́n ń retí.

Bá mi kí Naja dáadáa, sọ fún un pé bàtà awọ ẹran òkun tó fi ránṣẹ́ sí mi ló gbà mí nínú gbogbo nǹkan yìí. Bá mi fẹnu ko ọmọ lẹ́nu. Thorvald ní kí n kí ọ, ó ní òun ò tíì gbàgbé pé ìwọ lo fọ́ gíláàsì fèrèsé wọn. Ragna kí ọ. Àǹtí kí ọ, wọ́n ní kí o máa jẹun.

Bàbá ò lè fi ọ̀rọ̀ tiwọn kún un, wọn ò sí nílé. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n fá irùngbọ̀n, wọ́n wọ kóòtù dúdú tí wọ́n fi máa ń lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní kí Ragna ṣàpèjúwe oko tí wọ́n mú Gyda lọ. Thorvald fẹ́ fi katakata gbé wọn, wọ́n kọ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí wọn tí wọ́n ń la yìnyín kọjá lọ, ápù kan nínú àpò ọ̀tún, òmíràn nínú àpò òsì. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fojú ara àwọn rí i bóyá ẹni tó ń fún wàrà Gyda níbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń di ọmú rẹ̀ mú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń ronú rẹ nígbà gbogbo ló kọ ọ́,

Merete.